Ajá Àwọn Ará Oko: Ìtàn Basenji àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí ará ìlú ńlá bá fẹ́ bú ènìyàn láàárín wa, kò sí èébú tí ó yá a lẹ́nu bí “ará oko.” Èébú yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní agbègbè odò Kóńgò, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Lingala, ọ̀rọ̀ tí ó bá a dọ́gba ni basenji, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ará oko, àwọn tí ojú wọn kò tíì là. Ajá tí àwọn ará ìletò inú igbó ń fi ṣe ọdẹ ni wọ́n ń pè ní mbwa na basenji, èyíinì ni ajá àwọn ará oko. Nígbà tí ó pẹ́, ọ̀rọ̀ “ajá” já bọ́ kúrò nínú orúkọ náà, èébú nìkan ni ó kù. Òun ni ó sì wà lónìí nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ olùsìn ajá káàkiri ayé, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ajá ọdẹ kékeré tí a mọyì jùlọ. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn ajá yìí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni a ti rí bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti pàdánù rẹ̀ léraléra, tí wọ́n sì ní láti padà tọ àwọn ará oko náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí. Kò ga: akọ tó nǹkan bí íǹṣì 17 láti ilẹ̀ dé èjìká, abo tó 16; akọ wọ̀n tó pọ́n-ùn 24, abo sì wọ̀n tó 22. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bí ara rẹ̀ ti kéré tó lọ, àyà rẹ̀ jìn, kò sì lẹ́ran lára púpọ̀. Etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Nígbà tí ó bá gbọ́ ìró kan tí ó sì tẹ́ etí sí i, awọ iwájú orí rẹ̀ a hunjọ bí ti àgbàlagbà tí ń ronú gbèsè. Ìrù rẹ̀ ká lé ìdí rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Irun ara rẹ̀ kúrú, ó sì ń dán. Ó lè pupa rúsúrúsú, ó lè dúdú, ó lè jẹ́ dúdú àti pupa pọ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti ṣóńṣó ìrù rẹ̀ a máa funfun. A máa fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ bí ológbò, nítorí náà kì í ní òórùn tí a mọ̀ mọ́ ajá.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ jùlọ ni pé kì í gbó bí ajá ti í gbó. Kò yadi o. Bí nǹkan bá ta á lójijì ó lè gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì dákẹ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ohùn kan a máa jáde láti ọ̀fun rẹ̀ tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tí ń kọrin tí kò ní ọ̀rọ̀. Bí ó bá bínú, a máa kùn. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan, igbe tí yóò ké lè mú kí aládùúgbò dìde pé ọmọdé kan wà nínú ewu. Ẹni tí ó bá ra Basenji nítorí kí ilé rẹ̀ lè pa rọ́rọ́ kò tíì bèèrè dáradára lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un. Ohun mìíràn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni abo rẹ̀ ń wá akọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ajá mìíràn ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn Azande ni ìtàn rẹ̀ so mọ́ jùlọ. Ilẹ̀ wọn wà níbi tí ààlà Kóńgò, Gúúsù Sùdáánì àti Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Afíríkà ti pàdé lónìí. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Georg Schweinfurth, onímọ̀ nípa ewéko, la ilẹ̀ wọn kọjá ní ọdún 1870. Ewé àti igi ni ó wá wò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fo ajá wọn dá: ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n kéré, irun wọn kúrú, etí wọn tóbi ó sì dúró, ìrù wọn sì ká bí ti ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé agogo igi kékeré wà lọ́rùn wọn kí wọ́n má bàá sọnù nínú koríko gíga. Ẹni tí ó bá rí Basenji lónìí yóò mọ̀ pé òun ni ọkùnrin náà rí.

Agogo igi yìí tó ohun tí a lè dúró wò. Àwa a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí ń gbọ́ fèrè dáradára, kò kàn ní dáhùn ni. Nínú koríko tí ó ga ju orí ènìyàn lọ, báwo ni ọdẹ yóò ṣe mọ ibi tí ajá tí kì í gbó ti wà? Àwọn tí wọ́n pè ní ará oko gbẹ́ igi, wọ́n dá ihò sínú rẹ̀, wọ́n so ọmọ igi sínú ihò náà, wọ́n sì fi í kọ́ ajá lọ́rùn. Bí ajá ti ń sáré ni agogo ń ró. Àwọn Mbuti tí ń gbé inú igbó Ituri náà lo irú agogo bẹ́ẹ̀. Wọ́n a ta àwọ̀n yí apá kan igbó ká, wọ́n a sì tú ajá sí i láti òdì kejì; ìró agogo a lé ẹtu àti àwọn ẹran mìíràn lọ sínú àwọ̀n, a sì máa sọ ibi tí ajá wà fún olúwa rẹ̀. Òǹkàwé tí ó ti bá àwọn ọdẹ wa rìn yóò ti rántí àwọn ajá ọdẹ ilẹ̀ wa pẹ̀lú, àwọn kékeré elétí ṣánṣán tí ń dọdẹ ọ̀yà nínú ẹgàn. N kò sọ pé ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó sọ wọ́n di bí wọ́n ti rí.

Àwọn kan a tilẹ̀ máa wí pé Basenji ni ó jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn Fáráò. Lóòótọ́ ni àwòrán ajá wà nínú ibojì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, èyí tí etí rẹ̀ dúró tí ìrù rẹ̀ sì ká, tí wọ́n ń pè ní tesem. Ṣùgbọ́n ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Ènìyàn méjì lè jọ ara wọn ní ọjà Dùgbẹ̀ láìjẹ́ ọmọ ìyá. Ohun tí ó fìdí múlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà gbé jáde ní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ka àbùdá Basenji kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ China láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rí i pé nísàlẹ̀ igi ìran àwọn ajá òde òní ni ẹ̀ka rẹ̀ ti yà. Èyí tó fún un ní iyì láìfi ti Fáráò kún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e kọjá òkun. Ní ọdún 1895 wọ́n gbé méjì nínú àwọn ajá yìí dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi wọ́n hàn ní Crufts, ìpàtẹ ajá ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kú. Àrùn tí ó pa wọ́n ni àwọn Òyìnbó ń pè ní distemper: a máa mú kí ikun ṣàn lójú àti nímú ajá, a máa mú un wúkọ́, a máa mú un ṣu gbuuru, nígbà mìíràn gìrì ni a sì fi í parí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àrùn yìí ti wà láàárín àwọn ajá Yúróòpù, àwọn kan ń kú, àwọn kan ń yè. Ṣùgbọ́n ara àwọn àlejò méjì wọ̀nyí kò mọ bí a ti í bá a jà. Ní ọdún 1905 ni Henri Carré, ará ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ohun tí ń fa àrùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gba inú asẹ́ tí kòkòrò mìíràn kò lè gbà kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1923, Lady Helen Nutting kó Basenji mẹ́fà bọ̀ wá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Sùdáánì. Òfin ilẹ̀ náà nígbà náà ni pé kí a sé ajá àjèjì mọ́ fún oṣù mẹ́fà nítorí dìgbòlugi. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la oṣù mẹ́fà náà já. Nígbà tí wọ́n jáde, a gún wọn ní abẹ́rẹ́ tí a rò pé yóò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ distemper, abẹ́rẹ́ náà sì pa wọ́n tán. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ wọn níbi. Ìtọ́jú ni ó pa wọ́n, ìtọ́jú tí ìmọ̀ kò tíì tó láti ṣe é. Nígbà tí ó di ọdún 1928 ni Patrick Laidlaw àti George Dunkin, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Mill Hill lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọdún márùn-ún péré ni àwọn mẹ́fà náà fi ṣíwájú rẹ̀.

Arábìnrin Olivia Burn ni ó ṣe é yọrí. Ó kó ajá wá láti Kóńgò, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Belgium nígbà náà, àwọn ajá rẹ̀ bí ọmọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi wọ́n hàn ní Crufts ní ọdún 1937. Ènìyàn rọ́ lọ wo ajá tí kì í gbó. Orúkọ tí wọ́n sì fi pè é níbẹ̀, Basenji, ni ó mọ́ ọn lára títí di òní. N kò mọ̀ bóyá ẹnìkan nínú àwọn tí ń wò ó dúró bèèrè ẹni tí orúkọ náà ń bú.

Ní Amẹ́ríkà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé díẹ̀ kọjá síbẹ̀ ní ọdún 1937, distemper sì tún gbà wọ́n, tìyá tọmọ, tí ó fi jẹ́ pé akọ kan tí wọ́n ń pè ní Bois nìkan ni ó kù. Ó wà bẹ́ẹ̀ láìní ẹnìkejì títí di ọdún 1941. Ní ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Boston láti Ìwọ̀-oòrùn Afíríkà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó ẹrù jáde láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n bá ajá abo kékeré kan láàárín ẹrù, tí ebi ti sọ di egungun àti awọ. Kò sí ẹni tí ó san owó ọkọ̀ fún un. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lágbára, wọ́n sọ ọ́ ní Congo, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alexander Phemister ní Massachusetts sì gbà á sọ́dọ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi gba Bois náà sọ́dọ̀. Àwọn ọmọ tí Bois àti Congo bí ni ọmọ Basenji àkọ́kọ́ tí a bí tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà. Owó àwọn ọlọ́rọ̀ kò mú un ṣeé ṣe. Àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìwọlé, tí ó fara pamọ́ sínú ẹrù, ni ó mú un ṣeé ṣe. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1942, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Basenji sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Veronica Tudor-Williams ni ó pa ìran náà mọ́ la ogun 1939 sí 1945 já, nígbà tí oúnjẹ ènìyàn pàápàá ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìyọnu mìíràn ti wà nínú ilé. Bí a bá ti kọ ìran ajá kan sínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, òfin wọn ni pé ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wà nínú ìwé náà nìkan ni a lè tún kọ sí i. Ajá díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, láàárín ọdún díẹ̀, kò sí èyí tí a lè fún ní aya tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Àwọn baba wa kò gbà kí ọmọ ẹbí kan fẹ́ ara wọn. Wọn a wádìí ìran kí wọ́n tó gba ìdána. Ìdí rẹ̀ hàn nínú ọ̀ràn Basenji. Ní àwọn ọdún 1970 wọ́n rí àìsàn kan nínú wọn tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, wọ́n sì yọ gbogbo èyí tí ó gbé e kúrò nínú àwọn tí ń bímọ. Àìsàn náà dínkù, ṣùgbọ́n agbo tí ó kéré tẹ́lẹ̀ tún kéré sí i, òmíràn sì yọjú nínú àwọn tí ó kù.

Fanconi ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀: a jẹ́ kí ìdọ̀tí bá ìtọ̀ lọ, a sì dá ṣúgà, iyọ̀ àti àwọn èròjà rere mìíràn padà sínú ara. Nínú ajá tí ó ní Fanconi, kíndìnrín kò lè dá wọn padà mọ́. Ohun rere ń bá ìdọ̀tí dànù. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ajá náà ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó tó hàn, ìgbà tí ó sì lè ti bí ọmọ tí ó jogún rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láìdáwọ́dúró, yóò máa tọ̀ léraléra, yóò sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Ṣúgà a wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, tí ènìyàn yóò fi rò pé àtọ̀gbẹ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ibẹ̀ kò pọ̀ jù. A kò lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n bí dókítà ẹran bá tètè mọ̀ ọ́n, tí ó sì ń fi òògùn dá ohun tí ń dànù padà, ajá náà lè pẹ́ láyé.

Níbo ni ẹ̀jẹ̀ tuntun yóò ti wá? Ibì kan ṣoṣo ni ó wà. Veronica Tudor-Williams ti kọ́kọ́ padà síbẹ̀ ní ọdún 1959: ó lọ sí gúúsù Sùdáánì, ó sì mú abo pupa kan bọ̀ tí ń jẹ́ Fula. Fula kò lọ sí ìpàtẹ kankan, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìran èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn Basenji tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1987 àti 1988, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tún gbéra lọ sí Zaire, bí Kóńgò ti ń jẹ́ nígbà náà, wọ́n wọ àwọn ìletò àwọn Azande, wọ́n sì bẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n fún wọn ní ọmọ ajá. Ẹ rò ó wò: àwọn tí ó ní ìwé ìran tí a tẹ̀, tí wọ́n ní dókítà ẹran àti ilé àyẹ̀wò, ń dúró ní àgbàlá ọdẹ tí kò kọ orúkọ ajá rẹ̀ sínú ìwé kankan. Ajá ọdẹ náà le. Ajá tí kò lè sáré, tí kò gbọ́n, tí kò sì lè gbé àìsàn, kì í pẹ́ nínú igbó. Bẹ́ẹ̀ ni igbó fúnra rẹ̀ ti ń ṣà wọ́n láti ìrandíran. Ní ọdún 1990, American Kennel Club ṣí ìwé rẹ̀ tí ó ti tì, wọ́n sì kọ 14 nínú àwọn ajá tí a kó wá yìí sí i. Ìgbà náà ni àwọn Òyìnbó gba Basenji abilà wọlé, èyí tí ìlà dúdú wà lára pupa rẹ̀. Àwọn ọdẹ ti ní in tipẹ́tipẹ́. Wọ́n tún ṣí ìwé náà láti 2009 títí di 2013.

Ìmọ̀ náà kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Missouri rí ọ̀nà tí a fi lè mọ ajá tí ó ṣeé ṣe kí ó gbé Fanconi kí àìsàn tó hàn. Ní 2011 wọ́n rí àyẹ̀wò tí ó tọ́ka sí àbùdá tí ó bàjẹ́ gan-an. Nítorí èyí, a kò ní láti yọ gbogbo ajá tí ó gbé e dànù mọ́ bí a ti ṣe ní àwọn ọdún 1970: a lè fún un ní ẹnìkejì tí kò gbé e, kí a sì yẹ àwọn ọmọ wò.

Ní ti ìtọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kí ọmọ ajá tó máa jáde láàárín àwọn ajá mìíràn, kí a gún un ní abẹ́rẹ́ distemper, kí a tún un gún bí dókítà ẹran ti wí, kí a sì gún ti dìgbòlugi náà. Abẹ́rẹ́ kan náà wà fún ajá ọdẹ ilẹ̀ wa, tí àrùn yìí ń pa nínú oko láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ orúkọ ohun tí ó pa á. Irun Basenji kò fẹ́ ju kí a fi ọwọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbà á lọ, kí a sì yọ eégbọn rẹ̀. Kò fẹ́ràn òjò. Ní ilẹ̀ olótùútù, ẹ̀wù ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Kí a má tú u sílẹ̀ lẹ́bàá títì, nítorí bí ó bá rí ohun tí ń sá, kò ní rántí mọ́tò, kò sì ní rántí ẹni tí ń pè é. A máa gun ọgbà bí ológbò. Bí ó bá jókòó láìníṣẹ́, bàtà àti ìwé ilé ni yóò fi eyín dán wò, nítorí náà kí a mú un rìn dáradára ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lílù kò mú un gbọ́ràn, ẹran díẹ̀ àti sùúrù ni ó ń mú un. Láti ìgbà tí ó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kí a máa fi bébà àyẹ̀wò kan ìtọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù láti wá ṣúgà. Omi kí ó má wọ́n ọn, pàápàá èyí tí ó bá ti ní Fanconi, nítorí ẹni tí ó bá fi omi dù ú kí ó má bàá tọ̀ sínú ilé ń pa á ni.

Ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà ni abo sábà máa ń bí. Ìgbà òtútù ni ó bọ́ sí fún ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nígbà tí yìnyín lè wà nílẹ̀. Nítorí náà, àpótí tí a fi aṣọ tẹ́ ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò gbà wọlé ni ohun tí ẹni tí ajá rẹ̀ lóyún kọ́kọ́ ń pèsè, kí ó tó ronú orúkọ tí yóò sọ àwọn ọmọ náà.